Ọjọ́ Kan tí Kafalíérè Gaudenzio Fi Kú

Bí ẹ bá gun òkè Roccamara láti etíkun nígbà tí mò ń sọ yìí, tí ẹ ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí orúnkún yín ń bẹ̀ yín pé kí ẹ jọ̀ọ́ kí ẹ jókòó, ohun àkọ́kọ́ tí ojú yín máa rí kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì San Biagio. Kì í ṣe odi tí àwọn baba ńlá wa mọ yí ìlú ká nítorí àwọn olè ojú omi. Pátákó funfun kan ni. Òfin mọ́kànlá ló wà lára rẹ̀, wọ́n sì kọ orúkọ ẹni tó ṣòfin náà tóbi ju òfin fúnra rẹ̀ lọ: KAFALÍÉRÈ GAUDENZIO PETROSILLO, ALÁBÒÓJÚTÓ Ọ̀RỌ̀ ÀLEJÒ.

Ẹ jẹ́ n ka díẹ̀ fún yín, kí ẹ má baà sọ pé mò ń pa irọ́ mọ́ ọkùnrin náà. Òfin kìíní ní láàárọ̀ ọjọ́ tí àlejò bá ń bọ̀, aṣọ funfun nìkan ni kí a sá sórí okùn. Aṣọ pupa, aṣọ búlúù àti pátá ọkùnrin kò gbọdọ̀ fojú hàn. Òfin kejì ní kí àwọn ìyá àgbà tó ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà máa kọ ẹ̀gbẹ́ ojú sí ọ̀nà, torí pé ẹ̀gbẹ́ ojú arúgbó ló ń dùn ún wò nínú fọ́tò. Òfin kẹta ní kí a ti gbogbo ológbò tí kì í bá ṣe funfun mọ́lé. Òfin kẹrin sì ní agogo ṣọ́ọ̀ṣì kò gbọdọ̀ dún nígbà tí Alábòójútó bá ń sọ̀rọ̀ ní gbangba. Níwọ̀n ìgbà tí Alábòójútó kì í dákẹ́, agogo wa fẹ́rẹ̀ẹ́ ya odi.

Kafalíérè yìí, oyè ni, tí ìjọba Róòmù fi ń dá èèyàn lọ́lá. Ohun tí Gaudenzio ṣe tí wọ́n fi fún un, a ò mọ̀ ọ́n títí dòní. Lọ́jọ́ kan ni àmì ẹ̀yẹ dé nínú àpò lẹ́tà, láti ọjọ́ náà ni kò ti dáhùn mọ́ bí a bá pè é ní Gaudenzio. Ó ń rìn bí ẹni tó gbé àwo ọbẹ̀ lórí. Kò níyàwó, kò lọ́mọ, kò sí ẹbí tó sún mọ́ ọn. Ó ní iṣẹ́ ìlú kò jẹ́ kóun ráyè. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Ubaldo ni akọ̀wé rẹ̀. Iṣẹ́ Ubaldo ni kó máa sọ pé "Ọ̀rọ̀ ńlá!" nígbàkúùgbà tí ọ̀gá rẹ̀ bá la ẹnu, kó sì kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé kan tó ní èèpo awọ. Bí ọ̀gá bá sín, Ubaldo á kọ́kọ́ wojú rẹ̀ bóyá kóun kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọjọ́bọ̀-Ọjọ́bọ̀ ni ọkọ̀ òkun máa ń gúnlẹ̀ sí èbúté nísàlẹ̀. Àwọn àlejò á bọ́ sílẹ̀, wọ́n á wọ bọ́ọ̀sì kan, wọ́n á fi wákàtí mẹ́rin wo ìlú orí òkè mẹ́ta: Sant'Agnese, Pietrafina, kí wọ́n wá fi Roccamara kádìí rẹ̀. Ọdún kejìdínlógún rèé tí Nunziata Cafiero ti ń mú wọn kiri. Obìnrin yìí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Á mú wọn lọ síbi tí búrẹ́dì ti ń jáde láti inú ààrò, á jẹ́ kí wọ́n jókòó lórí àtẹ̀gùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìyá wa, á ní, "Ẹ wo ibẹ̀ yẹn," á sì dákẹ́. Àwọn àlejò a máa kọ lẹ́tà sí i láti ìlú òtútù tí wọ́n ti wá. Ọ̀rọ̀ lẹ́tà yẹn ló kọ́kọ́ ń ta Kafalíérè lára, torí kò sẹ́ni tó kọ̀wé sí òun.

Nígbà tó yá, ìròyìn dé. Olórí ìlú wa, Don Eustachio, ti dàgbà, ó fẹ́ fi ipò sílẹ̀. Ọnọ́rébù Malvasi, tó jẹ́ babaìsàlẹ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú ní gbogbo agbègbè wa, kọ̀wé pé òun ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀, òun á bá ogójì àlejò wọ bọ́ọ̀sì, òun á fojú ara òun wo ìlú, lẹ́yìn náà òun á sọ ẹni tí ẹgbẹ́ máa fà kalẹ̀. Ẹni tí ẹgbẹ́ yẹn bá sì ti fà kalẹ̀ lọ́dọ̀ wa, kó kàn lọ rán aṣọ ìwúyè ni. Láti ìgbà tí Gaudenzio ti ka lẹ́tà náà ni kò ti sùn dáadáa mọ́. Àga Don Eustachio ló ń rí lójú àlá, àga tó ní ẹsẹ̀ kìnnìún mẹ́rin.

Ó ránṣẹ́ pe Nunziata sí ọ́fíìsì.

"Nunziata, láti Ọjọ́bọ̀ yìí lọ, máa sinmi. Èmi fúnra mi ni màá mú àlejò kiri."

"Ẹ ti mú àlejò kiri rí ni, Kafalíérè?"

"Èmi tí mò ń mú odindi ìlú kiri!"

"Ọ̀rọ̀ ńlá!" Ubaldo ní, ó kọ ọ́.

Nunziata ò wo Ubaldo. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí mi. Wákàtí mẹ́rin péré ni wọ́n ní. Tí ọkọ̀ òkun bá ti fọn fèrè ní aago kan, kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ má bá wọn sọ̀rọ̀ jù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹ búrẹ́dì gbígbóná, kí wọ́n bá àwọn ìyá wa rẹ́rìn-ín. Ohun tí wọ́n ń wá nìyẹn."

"Búrẹ́dì!" Kafalíérè dìde. Nígbàkúùgbà tó bá dìde báyìí, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ fẹ́ gùn. "Ṣé torí búrẹ́dì ni ọmọ èèyàn ṣe ń la òkun já? Torí ìtàn ni! Ta sì ni ìtàn ìlú yìí? Ta ló ṣe òfin mọ́kànlá? Ta ni Róòmù dá lọ́lá? Nígbà tí wọ́n bá padà dé ilé wọn, tí àwọn ọmọ wọn bi wọ́n pé, 'Bàbá, kí lẹ rí lọ́hùn-ún?', wọ́n gbọ́dọ̀ lè sọ pé, 'Ọmọ mi, a rí Petrosillo.'"

Ubaldo ń kọ, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀.

Nunziata yọ báàjì tó wà láyà rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì. Ó dùn ún gan-an, mo mọ̀, torí èmi ni mo pàdé rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. "Ọdún méjìdínlógún," ló kàn sọ fún mi, ó sì kọjá.

Ẹ wá wo ohun tí ìgbéraga ń fojú èèyàn rí. Kafalíérè ò fẹ́ kí Ọnọ́rébù dé kí ìta dá páropáro. Ó fẹ́ kí gbogbo ìlú jáde wá kí òun. Ó wá gba ọ̀dọ̀ Bàbá Donato lọ, òǹtẹ̀wé kan ṣoṣo tí a ní. Bàbá Donato ti lé ní àádọ́rin ọdún. Iṣẹ́ tó sì ń ṣe láti ogójì ọdún kò ju ẹyọ kan lọ, ìyẹn ni ìwé òkú. Lọ́dọ̀ wa, bí ẹnì kan bá kú, a kì í ké kiri. Bàbá Donato á tẹ ìwé ńlá kan tí ilà dúdú yí ká, á fi àwòrán olóògbé sí i, orúkọ rẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì àti aago. Wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níbi mẹ́rin: létí omi ẹ̀rọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ alápatà, lójúde onígbàjámọ̀ àti lẹ́nu ọ̀nà San Biagio. Tí a bá ti rí ilà dúdú, a ń wo ojú, a ń wo orúkọ, ṣọ́ọ̀ṣì, aago, a ṣe àmì àgbélébùú, a lọ sílé lọ gbé ìkòkò kaná, torí a gbọ́dọ̀ gbé oúnjẹ lọ fún ẹbí olóògbé. Kò sẹ́ni tó ń ka ìyókù.

"Mo fẹ́ ìwé ńlá," Kafalíérè ní. "Àwòrán mi láàárín. Orúkọ mi lókè. Oyè mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá nísàlẹ̀ rẹ̀. San Biagio, Ọjọ́bọ̀, aago mọ́kànlá. Kó o wá fi ilà dúdú yí i ká, ilà tó nípọn."

Bàbá Donato gbé ojú sókè. "Ilà dúdú kẹ̀? Kafalíérè, ẹ jẹ́ n fi pupa sí i. Tàbí búlúù, kó jọ òkun."

"Ṣé ẹja ni mo ní kó o bá mi polówó ni? Dúdú ni mọ́tò ààrẹ. Dúdú ni bàtà bíṣọ́ọ̀bù. Dúdú!"

"Mo gbọ́, àmọ́ àwọn èèyàn máa—"

"Àwọn èèyàn máa rí i láti òkèèrè! Ohun tí mo fẹ́ gan-an nìyẹn. Níbo ni wọ́n ti ń dúró wo ìwé jù nílùú yìí?"

Bàbá Donato dárúkọ ibi mẹ́rin náà fún un, ohùn rẹ̀ ń fà.

"Lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀."

"Kafalíérè, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo tún fẹ́ sọ ọ́—"

"Má sọ ọ́."

Bàbá Donato ò sì sọ ọ́. Arúgbó náà kì í bẹ èèyàn lẹ́ẹ̀mẹta. Oyè mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá gba àyè tán nínú ìwé náà, débi pé ọ̀rọ̀ tí ó ní kí ìlú jáde wá kí Ọnọ́rébù àti àwọn àlejò, ìsàlẹ̀ pátápátá ló bọ́ sí, ó sì kéré bí ẹsẹ̀ èèrà.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Kafalíérè àti Ubaldo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí òtẹ́ẹ̀lì kan ní èbúté, láti gba kóòtù tuntun lọ́wọ́ télọ̀, kí wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ dánra wò. Lọ́jọ́rú láàárọ̀, Bàbá Donato lẹ ìwé mọ́ ògiri.

Ìyá Carmosina ló kọ́kọ́ rí i létí omi ẹ̀rọ. Ìyá yìí ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ojú rẹ̀ ò sì fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, àmọ́ kò sí ilà dúdú tó lè pamọ́ fún un.

"Yéè! Ta ló tún lọ?"

"Gaudenzio ni o," ìyàwó alápatà ní.

"Gaudenzio wo?"

"Ṣé mélòó la ní, Màmá?"

"Mo rí i lánàá tó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sétíkun! Ó gbé àyà síwájú báyìí."

"Etíkun náà ló kú sí nìyẹn. Wọ́n máa fi mọ́tò gbé e bọ̀ lọ́la ni."

"Kóòtù tó ń fún mọ́ ọn yẹn ni. Mo sọ ọ́! Mo ní kóòtù yẹn máa pa á lọ́jọ́ kan."

Wọ́n ṣe àmì àgbélébùú, wọ́n yíjú, oníkálùkù gba ilé rẹ̀ lọ. Don Eustachio fúnra rẹ̀ gbé fóònù ọ́fíìsì, ó pe ilé Kafalíérè. Fóònù dún títí, kò sẹ́ni tó gbé e. Ọkùnrin tí kì í jẹ́ kí fóònù dún lẹ́ẹ̀mejì! Don Eustachio gbé fóònù sílẹ̀, ó ṣí fìlà. Bí ìlú ṣe gbà pé Gaudenzio ti kú nìyẹn.

Yàtọ̀ sí Bàbá Donato, tó ti pa ẹnu mọ́ bí wọ́n ṣe ní kó ṣe, ẹnì kan ṣoṣo ló ka ìwé náà dé ìsàlẹ̀. Nunziata ni. Ẹni tó ti ń ka ara òkúta ògbólógbòó fún ọdún méjìdínlógún kò ní ṣàì ka ìwé ara ògiri. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ló wá rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ. Ó sáré lọ bá Ìyá Carmosina.

"Màmá, kò kú o. Àlejò ló ń kó bọ̀."

Ìyá náà fọwọ́ pa á lẹ́yìn. "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn níbẹ̀rẹ̀, ara á kọ̀ ọ́."

"Màmá, mo ní ọkùnrin náà wà láàyè!"

"Má tún sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, Nunziata. Mo ti rẹ ẹ̀wà sómi."

Nunziata wá lọ sí ṣọ́ọ̀bù onítábà, ó fi fóònù ibẹ̀ pe òtẹ́ẹ̀lì. Ubaldo ló gbé e. Kafalíérè dúró níwájú dígí, télọ̀ ń fi abẹ́rẹ́ há kóòtù mọ́ ọn lára.

"Ta nìyẹn?" Kafalíérè béèrè.

"Nunziata ni, sà. Ó ní ọ̀rọ̀ kánjúkánjú wà."

"Sọ fún un pé èmi kì í bá ẹni tí mo ti lé lẹ́nu iṣẹ́ sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Kó kọ̀wé."

"Kafalíérè ní kó o kọ̀wé," Ubaldo sọ sínú fóònù.

"Ubaldo, gbogbo ìlú ló rò pé ó ti kú! Wọ́n ń múra ìsìnkú ẹ̀!"

Ubaldo bo fóònù mọ́lẹ̀. Ẹ̀rù bà á. Kò sí ohun tí ọ̀gá rẹ̀ kórìíra tó ìròyìn burúkú nígbà tó bá ń wọ aṣọ tuntun. "Ó ní... ó ní gbogbo ìlú ló ń sọ̀rọ̀ yín, sà."

"Kò burú," Kafalíérè ní, ó yí ẹ̀gbẹ́ sí dígí. "Ó yẹ bẹ́ẹ̀."

Lọ́jọ́bọ̀, ní aago mẹ́sàn-án, bọ́ọ̀sì gbéra. Ọnọ́rébù Malvasi jókòó níwájú, ọkùnrin kúkurú tí ojú rẹ̀ dà bí ojú ẹni tó fẹ́ sùn, àmọ́ tí kì í sùn. Ogójì àlejò wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú kámẹ́rà. Kafalíérè dúró lójú ọ̀nà àárín, gbohùngbohùn lẹ́nu rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó jìnnà sí i jù kò ju ìgbésẹ̀ mẹ́wàá lọ.

Ní Sant'Agnese, ó kó wọn jókòó sórí odi, ó ní kí wọ́n kọjú sí òun. Ẹ̀yìn wọn ló wà níhà òkun. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rò ó wò: àwọn èèyàn tó la òkun já wá wo òkè tó dojú kọ òkun, wọ́n jókòó sínú oòrùn, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí i, wọ́n ń wo Gaudenzio Petrosillo.

"Ẹ̀yin àlejò ọlọ́lá! Kí ẹ tó wo òkè, ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tó ń bójú tó òkè! Àwọn olè ojú omi wá síbí nígbà kan, wọ́n jó ilé, wọ́n kó èèyàn lọ. Kí nìdí? Torí a ò tíì ní Alábòójútó ni! Ká ní mo ti wà níbí nígbà náà, màá ti ṣòfin!"

"Ọ̀rọ̀ ńlá!" Ubaldo ní.

Bàbá kan tí orí rẹ̀ pá nawọ́, ó béèrè ibi tí èèyàn lè tọ̀ sí. Kafalíérè ní ìgbà ìbéèrè kò tíì tó. Ó fi ìgbà èwe rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó ti ibẹ̀ bọ́ sí ilé ìwé, ó ṣàlàyé òfin mọ́kọ̀ọ̀kànlá lọ́kọ̀ọ̀kan. Wákàtí kan àti ààbọ̀ lọ síbẹ̀. Obìnrin méjì ti sùn lọ. Nígbà tí wọ́n padà wọ bọ́ọ̀sì, kò sí àyè láti dúró ní Pietrafina mọ́. Bọ́ọ̀sì ń sáré kọjá, Kafalíérè ń pariwo nínú gbohùngbohùn: "Pietrafina wà lápá òsì yín! Lápá ọ̀tún yín, èmi ni!"

Ọnọ́rébù wo aago ọwọ́ rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń yí kọ́nà tó kẹ́yìn sí Roccamara, wọ́n gbọ́ agogo. Ó ń dún lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń falẹ̀. Gbogbo ìlú dúró síwájú San Biagio, àtọmọdé àtàgbà, nínú aṣọ dúdú. Àwọn onífèrè dúró, wọ́n so ìbọrùn dúdú mọ́ fèrè wọn.

Ayọ̀ kún ọkàn Kafalíérè débi pé ó di Ubaldo lápá mú. "Wọ́n wọ dúdú! Ubaldo, ṣé o rí i? Wọ́n wọ àwọ̀ ìwé mi! Ọnọ́rébù, ẹ wo bí àwọn èèyàn mi ṣe fẹ́ràn mi tó!"

"Mò ń wò wọ́n," Ọnọ́rébù ní. Èrò ti dí ọ̀nà, bọ́ọ̀sì ò lè lọ mọ́. Ọnọ́rébù ní òun á fẹsẹ̀ rìn díẹ̀. Òṣèlú gidi ni ọkùnrin náà, ó fẹ́ràn kó máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ní ibi tí wọn ò ti dá a mọ̀. Kafalíérè jókòó, ó ń dúró kí fèrè dún kó tó sọ̀ kalẹ̀ tẹ̀yẹtẹ̀yẹ.

Ọnọ́rébù dúró ti Ìyá Carmosina. "Màmá, ẹ kú ìrọ̀jú. Ta ló kú?"

"Gaudenzio Petrosillo ni, ọmọ mi. Alábòójútó wa."

Ọkùnrin náà ò ṣẹ́jú. "Èèyàn dáadáa ni?"

Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé èèwọ̀ ni lọ́dọ̀ wa kéèyàn sọ̀rọ̀ òkú láìdáa níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun rere kan péré lèèyàn gbọ́dọ̀ wá sọ. Ìyá Carmosina ronú. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀.

"Bàtà rẹ̀ máa ń mọ́," ló sọ níkẹyìn.

Ọnọ́rébù lọ bá alápatà. Alápatà họrí, ó ní, "Tó bá ti ń sọ̀rọ̀ lókè, a máa ń gbọ́ ọ nísàlẹ̀." Onígbàjámọ̀ ní, "Kò... kò pani lára." Ìyàwó onítábà ronú títí, ó bi ọkọ rẹ̀, ọkọ náà sì ní kí wọ́n jẹ́ kóun tún rò ó wò. Ọnọ́rébù ń wo ojú wọn bó ṣe ń kọjá. Igba èèyàn ló dúró níbẹ̀, ojú gbogbo wọn ló gbẹ.

Òkú kò tíì dé láti etíkun, àmọ́ aago mọ́kànlá ti lù, Don Eustachio bọ́ sórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀rọ̀ ìsìnkú kan ṣoṣo ló ní láti ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, orúkọ nìkan ló máa ń pààrọ̀. "Ẹ̀yin ará ìlú, Gaudenzio wa kò sí mọ́. Ọkùnrin bí irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ilé rẹ̀ kò tilẹ̀kùn mọ́ aláìní. Ohùn rẹ̀ tutù, ìwà rẹ̀ sì rọ̀..."

Nínú bọ́ọ̀sì, Ubaldo ti funfun bí ògiri. "Sà... Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ó dà bíi pé ẹ ti kú."

Kafalíérè gbọ́. Ojú rẹ̀ là, ó dìde láti sáré jáde. Ìgbà náà gan-an ni Don Eustachio sọ pé, "Ẹni ńlá ni! Àwọn ọmọ ọmọ wa máa dárúkọ rẹ̀!" Kafalíérè dúró. Ó padà jókòó jẹ́jẹ́, ó fa kọ́tìnnì bo fèrèsé.

"Sà, ṣé ẹ ò ní jáde ni?"

"Dákẹ́. Jẹ́ kó parí rẹ̀. Kọ ọ́ sílẹ̀."

Ẹ gbà mí o. Ọkùnrin tó wà láàyè, tó jókòó, tó pa ojú dé, tó ń fi ọwọ́ ra àyà, torí pé ìyìn òkú dùn mọ́ ọn ju kó jẹ́ alààyè lọ. Lákòókò kan náà, Nunziata ti gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọ bọ́ọ̀sì, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ fún àwọn àlejò pé kí wọ́n máa bọ̀, ẹ̀wà ti jinná. Gbogbo ìlú ti dáná, àmọ́ olóògbé ò ní ẹbí tí wọ́n lè gbé oúnjẹ fún, wọ́n bá kó gbogbo rẹ̀ wá síta. Ogójì àlejò sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kafalíérè ò mọ̀.

"...Láti bu ọlá fún un," ni Don Eustachio wí, ibí yìí kò sì sí nínú ọ̀rọ̀ àtijọ́ rẹ̀, "ìgbìmọ̀ ìlú pàdé lánàá. A fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni kò lè mú òfin mọ́kànlá rẹ̀ ṣẹ bíi tirẹ̀. Kí òfin náà bá a sùn ní àlàáfíà. Ìwé rẹ̀ rèé, mo ti fọwọ́ sí i. Nunziata Cafiero ló sì máa gba ipò rẹ̀."

Ariwo tó sọ! Mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí níbi ìsìnkú. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́, ẹnì kan súfèé, àwọn onífèrè gbàgbé orin òkú, wọ́n fọn tijó.

Ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì ṣí gbàgà. "MO WÀ LÁÀYÈ!" ni gbohùngbohùn pariwo.

Fèrè bọ́ lẹ́nu àwọn onífèrè. Kafalíérè fi èèyàn gba ọ̀nà títí ó fi dé orí àtẹ̀gùn, abẹ́rẹ́ télọ̀ kan ṣì wà ní èjìká kóòtù rẹ̀. "Kí lèyí? Ta ló pa mí? Don Eustachio, ẹ fa ìwé yẹn ya! Mo gba òfin mi padà!"

Don Eustachio wò ó, ó tún wo ìwé. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, kò sì mọ irọ́ pa. "Kafalíérè, inú mi dùn láti rí yín. Àmọ́ ohun tí a bá ti kà sétí ìlú, tí mo ti fọwọ́ sí, ìlú nìkan ló lè dá a padà. Ẹ jẹ́ ká bi wọ́n. Ẹ̀yin ará ìlú, ẹni tó bá fẹ́ kí Kafalíérè àti òfin rẹ̀ padà sípò, kó nawọ́."

Kafalíérè nawọ́ tirẹ̀. Ó dúró. Ọwọ́ Ubaldo gbéra, ó dé ìbámu etí, Ubaldo wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì fi ọwọ́ náà họ etí. Kò sí ọwọ́ mìíràn.

Kafalíérè yíjú sí Ọnọ́rébù. "Ọnọ́rébù, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹ sọ fún wọn pé èmi lẹ fẹ́ fà kalẹ̀."

"Kafalíérè," Ọnọ́rébù ní, "ogún ọdún ni mo ti ń ṣòṣèlú. Mo ti fa olè kalẹ̀, ó wọlé. Mo ti fa òmùgọ̀ kalẹ̀, òun náà wọlé. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń sin, tí ojú ẹnì kan ṣoṣo kò ṣomi, mi ò lè fà á kalẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí." Ó ki àpòòwé ìwé ìfàkalẹ̀ ẹgbẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bọ àpò, ó bi Nunziata pé níbo lòun ti lè rí àwo, ó sì lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn láàárín àwọn àlejò.

Àánú ọkùnrin náà ṣe mí díẹ̀ nígbà yẹn, mi ò ní purọ́. Àga ti bọ́, òfin ti bọ́, ó dá dúró nínú oòrùn ní kóòtù tuntun. Ká ní ó sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́, kó gba ẹ̀wà bíi ti gbogbo èèyàn, ó ṣeé ṣe kí ìlú dárí jì í lọ́jọ́ náà.

Ṣùgbọ́n Gaudenzio mí kanlẹ̀. Ó na ẹ̀yìn rẹ̀. Ó gbé gbohùngbohùn sẹ́nu.

"Ẹ̀yin èèyàn mi! Ẹ má fòyà, mi ò bínú! Mo ti fẹ́ kó lọ sí Róòmù, àmọ́ mo ti yí ọkàn padà. Mi ò lọ síbì kankan mọ́! Ara mi le, dókítà ní màá pé ọgọ́rùn-ún ọdún. Ojoojúmọ́, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, màá máa wà láàárín yín, màá máa bá yín sọ̀rọ̀!"

Ìgbà yẹn ni Ìyá Carmosina bú sẹ́kún. Ìyàwó alápatà tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà Bàbá Donato, ó kàn dé ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀, títí gbogbo iwájú San Biagio fi ń sunkún kíkorò, bó ṣe yẹ kí ìlú sunkún níbi ìsìnkú.